Sẹ́ńsọ̀ wo ló ń sọ òótọ́ nínú odò? DS18B20, Pendant àti TidbiT

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìkòròdú tẹ́ ẹ fẹ́ ra sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ máa rì sódò láti mọ bí omi ṣe ń gbóná sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì sanwó. Kí sẹ́ńsọ̀ máa kọ nọ́ńbà jánrẹrẹ síwájú yín ò sọ pé òótọ́ ló ń sọ o.

Ẹ mú DS18B20, onírin ṣóńṣó tó ní wáyà dúdú yẹn. Òun ló pọ́ọ́kú jù. Ó lè ka nǹkan tó kéré tó 0.0625 dígírì, àmọ́ àwọn tó ṣe é gan-an kọ ọ́ síwèé pé ó lè fi 0.5 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tó bá wá kọ 27.38 sí yín lójú, omi yẹn lè jẹ́ 26.9, ó lè jẹ́ 27.8. Kì í tọ́jú nǹkan kan pamọ́, ẹ ṣì máa wá Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tó máa bá yín kà á, tàbí irú ẹ̀ so mọ́ ọn, ayédèrú ẹ̀ sì kún ọjà.

HOBO Pendant MX2201, 0.5 náà ni àṣìṣe tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń torí ẹ̀ fowó lé e ni pé ó ní bátìrì nínú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ ó wá fi fóònù gbà á. TidbiT MX2203, tóun náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n 0.2 péré ni àṣìṣe tiẹ̀ nínú irú omi tiwa. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi kẹ́ ẹ tó gbà á o, Bluetooth kì í la omi kọjá.

Èmi ra DS18B20 mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Mo fi píọ́ wọ́tà sí fírísà mọ́jú, mo fi ọmọ odó fọ́ yìnyín ẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú fúláàsì, mo bu omi tútù díẹ̀ sí i, mo rò ó pọ̀, mo ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ 0. Ọ̀kan ka 0.3, ìkejì fi 0.2 wọ ìsàlẹ̀ òdo, ìkẹta ka 1.4, mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún tì í padà, 1.4 yẹn náà ni! Ó dùn mí torí owó mi, àmọ́ irọ́ kan náà tó ń pa ṣáá yẹn ṣe é yọ kúrò nínú nọ́ńbà tó bá kà, bẹ́ ẹ bá ti tún yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó léwu ni èyí tó ń sọ 0.3 láàárọ̀ tó ń sọ 0.9 lálẹ́ nínú yìnyín kan náà.

Tó bá jẹ́ omi tẹ́ ẹ ń fà sí pọ́ọ̀ndù àrọ̀ lẹ fẹ́ máa ṣọ́, bóyá 26 ni àbí 30, ojúlówó DS18B20 ti tó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òkè odò wé ìsàlẹ̀, bíi ibi tí omi ilé iṣẹ́ ti ń dà wọ odò, ẹ má náwó sórí oní-0.5, torí ọ̀kan lè lọ sókè kí èkejì lọ sísàlẹ̀, odindi dígírì kan ti wọ àárín wọn nínú omi kan náà. TidbiT méjì ni kẹ́ ẹ rà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, inú páìpù funfun tẹ́ ẹ lu ihò sí lára ni kẹ́ ẹ tì í sí, ẹ so ó mọ́ búlọ́ọ̀kù níbi tí omi ti ń ṣàn tí oòrùn ò dé, torí oòrùn máa ń mú ara sẹ́ńsọ̀ gbóná ju omi lọ, ẹ má sì jẹ́ kó rì sínú ẹrẹ̀.