Ọ̀dà búráùn fún pálọ̀: sányán, tíì oníwàrà, amọ̀ àbí kòkó?

Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà tó ní "búráùn ni mo fẹ́" kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n á na káàdì àwọ̀ sí i, búráùn á sì kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ẹ wo òṣùmàrè dáadáa, búráùn kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn tí wọ́n ti pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù ni búráùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ní àwọ̀ mìíràn lábẹ́: òmíràn ń ta pupa, òmíràn ń ta yẹ́lò, òmíràn sì ní eérú nínú. Ohun abẹ́ yìí kì í fojú hàn nínú káàdì. Ara ògiri ló ti máa ń yọjú, lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo kó wọ ilé tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, mo yan àwọ̀ kan tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Nígbà tí akunlé parí, ògiri ń pọ́n. Mo rò pé wọ́n po ọ̀dà náà ṣì ni, àfi ìgbà tí mo jókòó síbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń kan tááìlì ilẹ̀ mi tó ní pupa díẹ̀ nínú, tááìlì sì ń gbé pupa náà lu ògiri. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí orí àga mọ ló ti pọ́n jù. Lókè, nítòsí àjà, àwọ̀ tí mo rà gan-an ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé búráùn wo lòun máa rà, tááìlì àti fèrèsé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Nọ́ńbà kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, LRV ni wọ́n ń pè é. Ó ń sọ bí àwọ̀ kan ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, láti 0 tó gbé gbogbo rẹ̀ mì, dé 100 tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Accessible Beige ti Sherwin-Williams, ilé iṣẹ́ ọlọ́dà kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 58. Urbane Bronze tiwọn, tí wọ́n yàn ní àwọ̀ ọdún 2021, jẹ́ 8 péré. Ọmọ ìdílé búráùn ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan á tan ìmọ́lẹ̀ ká ilé, èkejì á mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi.

Sányán àti tíì oníwàrà

Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè mọ àwọ̀ sányán: búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní yẹ́lò díẹ̀ nínú, àwọ̀ òwú tí kòkòrò inú igbó hun. Tí fèrèsé pálọ̀ yín bá kéré, tàbí tí fẹ́ńsì aládùúgbò bá sún mọ́ ọn, tàbí tí fàráńdà bá ṣíji bo iwájú ilé, èyí ni kí ẹ rà. Ó bá ilẹ̀kùn onígi mu, ó bá àga aláwọ̀ wáìnì mu, bẹ́ẹ̀ ni eruku ọyẹ́ kì í tètè hàn lára rẹ̀, torí pé àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ọmọdé àti òróró orí máa ń hàn lẹ́yìn àga.

Tíì oníwàrà ní eérú nínú. Ó bá àga dúdú, àga aláwọ̀ eérú àti tẹlifíṣọ̀n ńlá mu ju sányán lọ, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun báyìí. Mocha Mousse tí Pantone, ilé iṣẹ́ tó máa ń yan àwọ̀ ọdọọdún, yàn fún ọdún 2025 kò jìnnà sí i, àfi pé ó gbóná díẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n gílóòbù ló máa sọ bóyá ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo ara páálí gílóòbù yín: èyí tí wọ́n kọ 6500K sí máa ń tan iná funfun tó tutù, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà wa. Lábẹ́ rẹ̀, tíì oníwàrà á di eérú, ògiri á dà bíi símẹ́ńtì tí wọn ò tíì kùn. Ẹ fi èyí tí wọ́n kọ 3000K sí rọ́pò rẹ̀, iná rẹ̀ á rọ̀ bíi ti àtùpà, ògiri kan náà á sì padà di búráùn. Sányán kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀, torí yẹ́lò tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe tán láti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù pálọ̀, ẹ fi tíì oníwàrà sílẹ̀.

Amọ̀ àti kòkó

Àwọ̀ amọ̀ ni ti ògiri ilé àtijọ́ wa, ti ìkòkò àti ti ilẹ̀ pupa. Ìpẹtà irin tó ń mú ilẹ̀ wa pọ́n náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í tètè ṣá a. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an pẹ̀lú ẹní, igi gbígbẹ́ àti òdòdó inú ìkòkò. Àmọ́ kò fẹ́ràn tááìlì tó ń ta pupa, bẹ́ẹ̀ ni kò bá àga aláwọ̀ wáìnì ṣe. Tí fèrèsé yín bá dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, ẹ fi mọ sí ògiri kan ṣoṣo, torí ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń pọ́n bí ẹyin iná.

Kòkó dúdú jù lọ nínú wọn, òun náà ló sì ń náni lówó jù. Ó sábà máa ń gbà tó ìlẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ògiri tó bo dáadáa. Bí àga bá ha á, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ, bí ẹ bá sì tún ibẹ̀ kùn, ojú àtúnṣe á hàn. Nígbà ọyẹ́, eruku á fara hàn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú sányán lára ògiri mẹ́ta yòókù, n kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Tí rẹ́ńdà yín, ìyẹn símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, bá ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó kan ọ̀dà, torí iyọ̀ inú símẹ́ńtì á máa yọ funfun jáde, ara kòkó ló sì ti ń burú jù.

Emulsion lásán àbí satin?

Satin ṣeé fi kànrìnkàn tútù nù, ẹni tó bá ní ọmọ kéékèèké nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dán, dídán yẹn á sì fi gbogbo ibi tí bíríkìlà kò ti tẹ́ ògiri dọ́gba hàn. Bí ògiri bá rí kóńdu-kòǹdu, emulsion tí kì í dán ni kí ẹ rà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta bọ́kẹ́ẹ̀tì fún yín láìwọn ilé. Pálọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ní ògiri tó tó 48 m². Yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó kù bíi 40. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi 10 sí 12 m² lórí ògiri tó tẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan. Ìlẹ̀ méjì á gba bíi lítà 8, ìyẹn gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 ti pọ̀ jù. Ògiri tí wọn kò skríìdì á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi gálọ́ọ̀nù kan kún un.

Kí ẹ tó san owó gbogbo rẹ̀, ẹ ra èyí tó kéré jù nínú àwọ̀ méjì tí ẹ ń rò. Ẹ kùn wọ́n sára páálí funfun ńlá, ìlẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù àti èyí tó gbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ gbé páálí náà sẹ́yìn àga, ẹ tún gbé e sítòsí tááìlì àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ wò ó láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù yín gan-an. Ọjọ́ méjì tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ ní kí wọ́n po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí akunlé sì da gálọ́ọ̀nù méjèèjì pọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ náà sílẹ̀ níbi tí kò ní sọnù, ẹ sì bu díẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí, de ọjọ́ tí ọmọ bá fi kọ́kọ́rọ́ ha ògiri.