Òṣùwọ̀n tí mo rà ní Kabba, àti irọ́ tó wà nínú páálí ẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì nílé. Òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń gbé nọ́ńbà jáde ni mo rà lọ́jà Kabba, ₦9,000, wọ́n so kọ́ọ̀pù oníke mẹ́rin àti ṣíbí mọ́ ọn. Bátìrì rìmóòtù méjì ló ń lò, kò bá NEPA ṣe. Òṣùwọ̀n náà dáa. Ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀ ni kò dáa.

Kéèkì ìkómọ kan tí mo ṣe fún àwọn ará Ìyàrá ló lé mi débẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀ lé, ó ní kọ́ọ̀pù fúláwà mẹ́ta. Èmi tí múdù ni mo fi dàgbà, kí ni mo mọ̀? Ife ńlá tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń mu tíì ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣé búrẹ́dì ni. Ìdajì owó ni mo dá padà.

Ẹ ò lè fi múdù ṣe kéèkì. Ti gàrí ni múdù: ẹni tó ń tà á á kó o jọ bí òkè, ẹ ó tún bẹ̀bẹ̀, á bù sí i. Èènì dùn lọ́jà, kì í dùn nínú kéèkì.

Nígbà tí mo gbé e délé, mo gbé kọ́ọ̀pù tó tóbi jù lé e, mo tẹ TARE, ó padà sí òdo bí ẹni pé kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Mo fi ṣíbí bu fúláwà sí i díẹ̀díẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀: gíráàmù 124. Mo dà á padà, mo wá ti kọ́ọ̀pù náà bọ inú àpò fúláwà, mo fi gbá a jáde: 151. Kọ́ọ̀pù kan náà o! Ṣúgà, 201. Bọ́tà tí mo tẹ̀ kún un, 228. Omi, 240. Kòkó lẹ́búlẹ́bú, tó fúyẹ́ bí eérú, 88 péré.

Kí wá ni ìwé inú páálí kọ? Kọ́ọ̀pù kan, gíráàmù 250, ohun yòówù kí ẹ bù sí i! Ẹni tí ìlànà tiẹ̀ ní kó lo gíráàmù 250 fúláwà, tó wá gba ìwé yẹn gbọ́, kọ́ọ̀pù kan ni yóò bù níbi tí méjì yẹ. Omi ọbẹ̀ ló máa gbé sínú ààrò. Mo ti ya á. Iye tí mo fojú ara mi rí ni mo kọ sára ilẹ̀kùn fíríìjì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n yìí fún yíìsì tàbí bẹ́kìn páúdà. Mo bu ṣíbí tíì kan, ó ní 3. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, ó ní 5. Ṣíbí inú páálí ni mo ń lò fún ìyẹn. Tí ẹ bá sì dúró gba ìpè lórí fóònù, òṣùwọ̀n náà yóò ti kú kí ẹ tó dé, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tún tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí i kúrò ní gíráàmù sí áúnsì, ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Èmi ń wá 250, 8.8 ni mo ń rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da odindi àpò sí i.

Àwọn ará Ìyàrá yẹn tún pè mí lóṣù tó kọjá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbogbo owó.