Bosentan fún ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró: ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin, ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin

Obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ń mú jù. Nínú àwọn tó jogún àbùkù jíìnì BMPR2, èyí tó lè fa àìsàn yìí, ó máa ń hàn lára nǹkan bí obìnrin 42 nínú 100, àmọ́ ọkùnrin bíi 14 péré ni. Síbẹ̀ ọkùnrin ló ń tètè kú, torí apá ọ̀tún ọkàn wọn kì í rọ́jú bíi ti obìnrin. Ìdí nìyí tí a ò fi lè fún oògùn bosentan ní máàkì kan ṣoṣo.

Endothelin, èròjà kan nínú ara, ló ń fún òpójẹ̀ pọ̀. Bosentan ló ń dí i lọ́wọ́. Mílígíráàmù 62.5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àgbàlagbà fi ń bẹ̀rẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ 4, ó di 125 lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú àkópọ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí irú oògùn yìí, obìnrin fi nǹkan bíi mítà 44 lé àwọn tó gba oògùn òfìfo nínú ìrìn ìṣẹ́jú 6. Ti ọkùnrin ò ju bíi 17 lọ. Máàkì tí a fún bosentan: ti obìnrin, 4 nínú 5; ti ọkùnrin, 3.

Ibi tí obìnrin ti pàdánù máàkì kan nìyí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Bosentan lè ba ọmọ inú jẹ́, ó sì tún ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhòmóònù di aláìlágbára, torí ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè tú hòmóònù náà ká. Oníhóró ni o, abẹ́rẹ́ ni o, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ni o, kò sí èyí tó tó láti dá gbára lé. Ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un, tàbí kí ẹ lo èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti lóṣooṣù, títí di oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a dúró.

Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lóṣooṣù kan tọkùnrin tobìnrin. Tí èròjà ẹ̀dọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá ju ìlọ́po 3 òdiwọ̀n lọ, dókítà á dín oògùn náà kù tàbí kó dá a dúró. Tó bá kọjá ìlọ́po 8, a kì í padà sí i mọ́. Ẹsẹ̀ lè wú, ẹ̀jẹ̀ náà lè dín kù lára.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ṣì ń wá ọmọ, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì: ó lè dín àtọ̀ kù. Tó bá sì jẹ́ sildenafil, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, lẹ ń lò mọ́ ọn, ẹ rán dókítà létí pé bosentan ń dín iye sildenafil kù nínú ẹ̀jẹ̀.