DJI Mini 4 Pro: gíráàmù 249 ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹni tó bá gbé DJI Mini 4 Pro, dúróònù kékeré tí ilé-iṣẹ́ DJI ṣe, lé ọwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeé ká mọ́ra, ó sì wọ inú àpò kóòtù. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé: sẹ́ńsọ̀ 1/1.3 ínǹṣì, fọ́tò 48 megapixel, fídíò 4K tó ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí 100 bí a bá fẹ́ kí fídíò náà máa rọra lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló jáde, ó sì ṣì wà lára dúróònù tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò òfurufú kọ́kọ́ wò. Ohun kan ni kí olùrà mọ̀ kó tó na owó rẹ̀: gíráàmù 249 tí wọ́n dá a dúró sí ni orísun iyì ẹ̀rọ náà, òun náà ló sì bí ọ̀pọ̀ wàhálà rẹ̀.

Òfin ló fa ìwọ̀n yẹn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wa dúróònù fún fàájì nìkan kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ tó ń bójú tó òfurufú níbẹ̀, bí kò bá tó gíráàmù 250. Ó ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò TRUST, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 400, ojú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ náà. Bí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, bóyá ẹ ń ya ilé fún ẹni tó fẹ́ tà á, ìwọ̀n kò gbà yín sílẹ̀ mọ́: ìwé-àṣẹ Part 107 di dandan, ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà di dandan, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń tẹ̀lé òfin EASA, àjọ òfurufú Yúróòpù, àmì C0 (ẹ̀ka àwọn dúróònù tí kò tó gíráàmù 250) tó wà lára rẹ̀ fàyè gbà á láti kọjá lórí ẹnì kan tí kò bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí èrò, mítà 120 sì ni òpin òkè rẹ̀. Nítorí pé kámẹ́rà wà lára rẹ̀, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní Britain, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, gíráàmù 100 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 249 kò dín nǹkan kan kù lórí ìyẹn níbẹ̀. Àwọn ibòmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ rí i: ní Morocco, ẹnu ibodè ni wọ́n ti máa ń gbà á. Kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni èrò pé bí ẹ bá sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú jù, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á kọ̀ láti gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, DJI yọ ìdènà yẹn kúrò ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Ìkìlọ̀ lójú fóònù ló rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìkìlọ̀ náà kọjá tí ẹ sì gbéra, ọrùn yín ni ẹ̀bi wà.

Ìwọ̀n náà kò ní ààyè fún àfikún rárá. Bátìrì Plus, èyí tó tóbi ju ti inú páálí lọ, gbé àkókò òfurufú láti ìṣẹ́jú 34 dé 45, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí nǹkan bíi gíráàmù 290. Ní Amẹ́ríkà, ìforúkọsílẹ̀ àti Remote ID (àmì rédíò tó ń sọ ẹni tí dúróònù jẹ́ àti ibi tó wà) ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Iná kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lálẹ́, ààbò abẹ̀bẹ̀, àti sítíkà ẹlẹ́wà náà, gbogbo wọn ló ń wọn nǹkan. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n bí yóò ṣe fò gan-an, kì í ṣe bó ṣe jáde nínú páálí.

Ọ̀tá ẹ̀rọ tó fúyẹ́ ni afẹ́fẹ́. Ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 10.7 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúró yàtọ̀ sí ìrìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ipò N (Normal, ipò tí a sábà ń fi fò), eré rẹ̀ kò ju mítà 12 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ọ́ bá ń fẹ́ ní 8, mítà 4 péré ló kù tí yóò fi máa bọ̀ wálé. Bó bá wà ní kìlómítà kan sí yín, á ná an ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, bátìrì á sì máa jó ní gbogbo àkókò yẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí bátìrì ṣì kún, kí afẹ́fẹ́ náà lè gbé e padà wálé. Ẹ má gbàgbé pé ewé tó dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀ kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní mítà 100 sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá dá a dúró tí kò lè bọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, kí ẹ sì yí i sí ipò S (Sport, ipò eré sísá) tó ń sá dé mítà 16. Ṣùgbọ́n ní ipò S, ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń rí ìdènà ti kú. Ẹ̀yin nìkan ni ojú rẹ̀.

Ojú yẹn náà ni àǹfààní tó tóbi jù tí Mini 4 Pro fi ju Mini 3 lọ. Ó ń rí iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Mini 3 kò rí ju ìsàlẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èyí nìkan tó ìdí láti fi owó kún owó. Àmọ́ kò rí okùn iná, kò rí ẹ̀ka igi tó tín-ín-rín tí kò léwé, gíláàsì ń tàn án, òkùnkùn sì ń fọ́ ọ lójú. Ọ̀pọ̀ dúróònù tó já láàárín igi, ẹni tó ń wà á gbára lé ojú yìí ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ yọ ike tó bo kámẹ́rà kí ẹ tó tan iná rẹ̀. Gimbal, ìyẹn ọwọ́ kékeré tó gbé kámẹ́rà dání, máa ń yí ara rẹ̀ wò bí iná bá ti wọlé. Bí nǹkan bá dì í mú, á máa jà pẹ̀lú rẹ̀, ìkìlọ̀ á sì yọ. Ẹ dúró kí sátẹ́láìtì pọ̀ tó, ó kéré tán mẹ́wàá, kí ẹ sì gbọ́ tó sọ pé òun ti mọ ibi tó ti gbéra. Ẹni tó bá kánjú kọjá ibẹ̀ kò ní ilé tí ẹ̀rọ náà á padà sí bí ó bá sọnù. Ẹ wo ohun tó ga jù ní àyíká: bí igi bá jẹ́ mítà 25, ẹ fi gíga tí yóò fi padà wálé fúnra rẹ̀ sí mítà 40. Ẹ má gbéra lórí irin, lórí ọkọ̀, tàbí lórí kọnkéré tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Irin ń da kọ́ńpáàsì rú, ẹ̀rọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lókè bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, ìyípo náà á máa fẹ̀ sí i títí tí yóò fi kọlu nǹkan. Koríko gíga náà kò dára, torí ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ gan-an. Ẹ tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ sílẹ̀ fún un.

Ní ti kámẹ́rà, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kì í fẹ̀, kì í sì í súnkì: f/1.7 ni. Ní ọ̀sán gangan, ní ISO 100 (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí tó), shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ sáré dé nǹkan bíi 1/8000 ìṣẹ́jú-àáyá kí fídíò má baà funfun báláú. Fídíò tí a yà báyẹn kì í yọ́. Ohun tó bá ń kọjá á máa já kẹ́kẹ́, bí ẹni ń ṣí fọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń wá fún fídíò 30fps (àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni 1/60. Gíláàsì dúdú ND, tí wọ́n ń fi bo kámẹ́rà láti dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìlọ́po nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ló ń tún èyí ṣe, ìṣirò rẹ̀ kò sì le: ẹ pín 8000 sí ọ̀nà 128, ẹ ó rí bíi 62. ND128 ló bá oòrùn ọ̀sán mu. Mẹ́ta tí DJI ń kó pọ̀ tà ni 16, 64 àti 256, kò sí 128 níbẹ̀, nítorí náà 64 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, wọ́n á gba 1/125, ó ṣì dára. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ń lé, 16 tó. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Fọ́tò 48 megapixel dùn ún wò bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀. Ẹ lè gé igun kan jáde kí ó ṣì mọ́ kedere. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ padà sí 12: ẹ̀rọ náà á pa pixel mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan, hóró-hóró inú òkùnkùn á sì dín kù. RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kí ẹ máa fi pamọ́. Ojú ọ̀run máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ìkùukùu tó bá sì ti funfun kọjá ààlà kò ní àtúnṣe, nítorí náà ẹ ya á dúdú díẹ̀, tàbí kí ẹ lo AEB kí ó ya oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kámẹ́rà náà ń yí dúró lóòró, kì í ṣe pé ó ń gé àwòrán. Ẹni tó ń ya fídíò fún fóònù kò pàdánù nǹkan kan. Fún mẹ́mọ́rì, ẹ ra káàdì microSD tó ní àmì V30, èyí tó yára tó fún fídíò 4K. Ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 2GB péré. Ní 150 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò gba fídíò ìṣẹ́jú méjì.

Ìṣẹ́jú 34 tí wọ́n kọ sára páálí jẹ́ ti ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ ka 25 sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó ṣì ku ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì tuntun kì í jí títí tí ẹ ó fi kọ́kọ́ fi í sí iná. Ẹ má fi í pamọ́ ní kíkún. Nǹkan bíi ìdá 60 ló dára. Èyí tó bá ti wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Abẹ̀bẹ̀ ni mo fi máa ń bínú sí i. Síkúrù kéékèèké ni wọ́n fi dè é, kò sì ṣeé pààrọ̀ lójú ẹsẹ̀ bíi ti àwọn dúróònù ńlá. Abẹ̀bẹ̀ A àti B kì í gba ipò ara wọn. Àmì wà lára wọn àti lára apá. Abẹ̀bẹ̀ méjèèjì orí apá kan ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́ nìkan, torí ọ̀kan tuntun pẹ̀lú ọ̀kan àtijọ́ kò wọn dọ́gba, ìgbọ̀nrìrì á sì bọ́ sínú fídíò. Ẹ fi ìka tọ́ etí wọn wò lẹ́yìn gbogbo ìbalẹ̀. Ibi tó bá ti gé wẹ́lẹ́ bí eyín ayùn ni ìgbọ̀n náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú rìmóòtù méjèèjì, RC 2 ló yẹ ẹni tó ń wà á nínú oòrùn, torí ó ní ojú tirẹ̀ tó mọ́lẹ̀, kò sì nílò fóònù. RC-N2 dín owó kù, ṣùgbọ́n fóònù tó bá gbóná nínú oòrùn á dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí ó tan iná rẹ̀ lójú yín. Ẹ wo iye ìgbà tí bátìrì kọ̀ọ̀kan ti gba iná nínú app, ẹ wo ìdí apá bóyá ó ti lanu, ẹ wo bóyá kámẹ́rà dúró ṣinṣin tí ẹ bá fi ọwọ́ rọra gbọn ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń tà á yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí àkáǹtì tirẹ̀ níwájú yín, kí ẹ tó sanwó, torí ẹ̀rọ tó ṣì wà lórúkọ ẹlòmíràn kò ní wọ tiyín.