Excel, JavaScript àbí Python: èwo ló mọ owó kọ sórí rìsíìtì yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àdìrẹ tàbí nǹkan ìkọ́lé l'Óṣogbo, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tẹ rìsíìtì, kẹ́ ẹ tó béèrè iye tó jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń kọ kọ́bọ̀. 100 kọ́bọ̀ ló wà nínú náírà kan, nítorí náà nọ́ńbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn póìǹtì. ₦1250.5 ò yẹ lórí ìwé ọlọ́jà, ₦1,250.50 ni.

Excel, ètò tí wọ́n fi ń ṣírò nǹkan nínú tábìlì, ló rọrùn jù, torí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ti mọ̀ ọ́n lò. Tówó rẹ̀ bá wọ́n yín, ọ̀fẹ́ ni LibreOffice Calc tó jọ ọ́. Àmọ́ ojú nọ́ńbà lásán ni Excel ń bá yín tún ṣe. Ká ní ẹ pín ₦1,000 sọ́nà mẹ́ta, tẹ́ ẹ ní kó fi dẹ́símà méjì hàn: 333.33 ni yóò gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹta, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1,000.00. Oníbàárà Ọjà Ọba tó bá fi bírò rò ó á bá 999.99, ló bá di àríyànjiyàn. Ìyókù dẹ́símà ò lọ síbì kankan, wọn ò kàn hàn ni. ROUND, àṣẹ Excel tó ń sún nọ́ńbà sí kọ́bọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ló ń gé e dànù ní tòótọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àṣẹ TEXT: ó ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀, SUM tó ń ro àpapọ̀ yóò sì fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, dára fún ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Intl.NumberFormat á bá yín fi ààmì náírà àti kọ́mà sí i, ìyẹn wù mí gan-an. toFixed, àṣẹ tó ń dín dẹ́símà kù, ni kẹ́ ẹ fura sí: 1.005 tó yẹ kó di 1.01, 1.00 ló ń dà, torí iye tí kọ̀ǹpútà tọ́jú kéré díẹ̀ sí 1.005. Ọ̀rọ̀ sì lèsì rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ẹni tó kọ ètò bá wá fi + ro 1250.50 mọ́ 300.00 lẹ́yìn toFixed, 1250.50300.00 ni yóò jáde!

Ní tèmi, Python, èdè mìíràn tí wọ́n fi ń kọ ètò, ni mo fara mọ́ jù fún ọ̀rọ̀ owó. Kóòdù `:,.2f` nìkan ti tó fún kọ́mà àti kọ́bọ̀. Òun náà lè sọ 2.675 tó yẹ kó di 2.68 di 2.67, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ Decimal wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń tọ́jú nọ́ńbà gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ fún un, bí ẹ bá fi àmì àyọlò ká a mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, Excel pẹ̀lú ROUND ti tó. Ẹni tó ní ẹ̀ka méjì-mẹ́ta, kó gba Python. Èyí ó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ ní kí wọ́n tẹ rìsíìtì ọjà mẹ́ta tó ní kọ́bọ̀ níṣojú yín, kẹ́ ẹ fi bírò rò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.