Àgbéyẹ̀wò Mi Lórí Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lílo Ìnhélà ní Kílíníìkì Àyà

Ọdún 11 ni mo fi lo ìnhélà búlúù fún ásímà, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ikọ́ semísemí, láìmọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tà á fún mi ní kẹ́míìsì kàn ní kí n máa fín in sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì nígbàkigbà tí àyà bá ń fún mi, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ n'Íbàdàn, nítorí mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì náà kò fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lò ó níṣojú mi bí ẹ ṣe máa ń lò ó nílé." Mo tẹ̀ ẹ́, kùrukùru funfun sì rú jáde lẹ́nu àti nímú mi. Ó ní, "Oògùn yín lẹ rí yẹn, sà. Kò dé ẹ̀dọ̀fóró rárá." Àṣé ṣe ni mo ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí.

Ó wá kọ́ mi pé kí n mi ìnhélà náà dáadáa, kí n mí síta, kí n fi ètè dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo bá ṣe ń rọra fa èémí sínú, kí n sì sé èémí títí n ó fi ka ení dé ẹ̀wá. Ní ti ìnhélà búráùn tí a ń lò lójoojúmọ́ kí àìsàn náà má baà dìde, ó ní bí mo bá ti lò ó tán, kí n fi omi yọ ẹnu, kí n sì tu ú dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sórí ahọ́n.

Ìyá àgbà kan tí èéfín igi ìdáná ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ jókòó tì mí; kò lè tẹ̀ ẹ́ kí ó sì fa èémí lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì mú ike omi 500 ml, ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu ìnhélà, ó ki ẹnu ìnhélà bọ ihò náà, ó sì fi téèpù dí etí rẹ̀ pa. "Mama, ẹ fẹnu sí ọrùn ike yìí, kí ẹ máa mí jẹ́jẹ́." Ìyá mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lówó spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí.

Ìgbà 200 ni a lè fín ìnhélà búlúù mi. Tẹ́lẹ̀, kì í ju oṣù kan ààbọ̀ lọ. Èyí tí mo ń lò báyìí ti wọ oṣù kẹrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnhélà búráùn náà lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun méjì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, èrò sì máa ń pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n ń fúnni lọ sílé. Báwo ni irú ìyá yẹn yóò ṣe kà á?

Síbẹ̀, ẹ má ṣe lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán, nọ́ọ̀sì rí i pé mo ti gbàgbé láti mí síta kí n tó tẹ̀ ẹ́. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.