Ẹ́ńjìnnì CBR600RR tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ eré ìje àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ohun tí ojú wa rí láàárín oṣù mẹ́jọ

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ eré ìje tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, wọ́n sì ń tẹ̀lé òfin Formula SAE, ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981 tó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé sínú ọkọ̀ yìí jẹ́ ti alùpùpù Honda CBR600RR, irú èyí tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2006. Tòkunbọ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn náà rà á, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ohun tí a rí lára rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rà á.

Agbára ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ sí i. 599 cc ni, ó ní sìlíńdà mẹ́rin, ó lè yí dé ìgbà 15,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára ẹṣin tó ń mú wá nígbà tó bá wà lórí alùpùpù sì ju 100 lọ. Òfin fàyè gba ẹ́ńjìnnì tí kò bá ju 710 cc lọ, nítorí náà kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ló sọ pé gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá máa mí gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan ṣoṣo kọjá, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 20 lọ bó bá jẹ́ pẹ́tíróòlù lẹ ń lò. Ọ̀fun ni àwa ń pe ihò náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sáré nínú ọ̀fun yìí títí tí eré rẹ̀ fi bá ti ìró dọ́gba, kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe tí yóò fi kọjá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń fà á tagbáratagbára. A jókòó ṣírò rẹ̀. Ní etí òkun, níbi tí ooru bá wà ní 15°C, nǹkan bí gíráàmù 75 afẹ́fẹ́ ló lè gba ibẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Ìbàdàn, tó ga ju òkun lọ ní mítà tó lé ní 200, tí ọ̀sán rẹ̀ sì ń gbóná tó 30°C, ó di nǹkan bí gíráàmù 72. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ooru ìlú yìí àti gíga rẹ̀ ti mú nǹkan bí ìdá kan nínú ogún agbára yín lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi 15,000 yẹn yangàn ń fi ohun tí kò ní lè ná yangàn ni. Ohun tó mú kí n fọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì yìí ni ọ̀nà tó gbà ń mu afẹ́fẹ́. Sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba á mu ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, bí ọ̀kan ṣe ń gbé ẹnu kúrò ni èkejì ń gbé ẹnu sí i, afẹ́fẹ́ inú ọ̀fun kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì olóníkan, ìyẹn èyí tó ní sìlíńdà kan ṣoṣo, bíi ti Yamaha WR450F tó jẹ́ 449 cc, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń mu nínú ìyípo méjì, ó ń gbé e mì gbì, ó sì ń sinmi. Nígbà tó bá ń gbé e mì, ọ̀fun há jù, nígbà tó bá ń sinmi, ọ̀fun ṣófo. Mi ò sọ pé olóníkan kò dára o. Ó fúyẹ́ púpọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlàjì ti olómẹ́rin lọ, àwọn ẹgbẹ́ kan lókè òkun sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń tètè yí kọ́nà. Ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́ kí wọ́n máa tú u palẹ̀ lóòrèkóòrè láti pààrọ̀ písítọ̀nù àti ráíngì, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí ráíngì rẹ̀ rà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan péré. Ti olómẹ́rin yìí, àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá wà nígboro, àwọn mẹkáníìkì wọn mọ inú rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì nira láti wá.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ fi etí sílẹ̀ gbọ́, nítorí pé òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì yìí jù nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí alùpùpù bá ń yí kọ́nà, ó máa ń dẹ̀gbẹ́, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ sọ́m̀pù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí pọ́ǹpù ti ń fà á. Ọkọ̀ kì í dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá yí kọ́nà pẹ̀lú eré, ọ́ìlì á ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì, bíárìnì kọ́nrọ́ọ̀dù á sì gbẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ti tó kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Nínú ìdíje náà, ìdánwò kan wà tó jẹ́ pé kí ọkọ̀ máa yí òbìrípo méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, àárín òbìrípo kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mítà 15.25. Nígbà tí a ń fi dánra wò, iná ọ́ìlì tàn sí wa lójú ní ìyípo kẹta. A pa á lójú ẹsẹ̀, orí ló sì kó wa yọ. Lẹ́yìn náà ni a tú sọ́m̀pù sílẹ̀, tí wẹ́dà sì bá wa jó àwọn àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé sídìí pọ́ǹpù ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó jáde padà. Iná náà kò tàn mọ́. Ẹ tún rántí pé ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò, nítorí náà ẹ má da ọ́ìlì ọkọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA, àmì ọ́ìlì alùpùpù, sára agolo rẹ̀ ni kí ẹ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kílọ́ọ̀ṣì lè máa yọ̀.

Ní ti rírà rẹ̀, mi ò ní kọ iye owó, nítorí pé bí dọ́là bá ti rìn ni òun náà ń rìn. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí a rà, lọ́wọ́ ontà kan tí mi ò ní dárúkọ, ń dán bíi fàdákà nítorí pé wọ́n ti kun ún lọ́dà. Omi ti wọ sìlíńdà kejì rẹ̀, ráíngì ti lẹ̀ mọ́ ara, ontà náà sì ní ọjà tí a bá ti gbé lọ kò ní àdápadà mọ́. Nígbà tí a máa ra èkejì, a yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú ẹni tó ń tà á, a fi ọwọ́ yí kiráńkì, a sì wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí a tó san kọ́bọ̀ kankan. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ alùpùpù náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdènà olè tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ gan-an.

Àwa kò rí kọ́kọ́rọ́, a sì lo MicroSquirt, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ tún tò, dípò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, MicroSquirt náà ni èmi á tún rà, kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá wà, nítorí pé kọ̀ǹpútà alùpùpù kò mọ̀ pé ẹnì kan ti di ọ̀fun mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Ínjẹ́kítọ̀ méjì, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo, ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní. Mẹ́rin òkè kò wúlò fún wa, mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan la lò. Rìwáyà kan àti ọmọbìnrin kan tó wà ní ìpele kẹrin ló jókòó ti wáyà náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, orí títì la ti ń tún epo rẹ̀ ṣe, tí a ń fi ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín mọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Iṣẹ́ sùúrù ni. Láàárín ìyípo 6,000 sí 10,000 ni a ti lo ọ̀pọ̀ àkókò wa, nítorí pé ibẹ̀ ni awakọ̀ máa ń wà jù.

Òfin sọ pé ohun tó ń ṣí afẹ́fẹ́ ni kó ṣáájú, kí ọ̀fun tẹ̀lé e, kí ẹ́ńjìnnì tó kàn. Láàárín ọ̀fun àti ẹ́ńjìnnì ni a fi àpò afẹ́fẹ́ sí, àwọn tó ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe ló sì bá wa fi fáíbà ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ gba lítà márùn-ún, awakọ̀ sì ń ráhùn pé òun á ti fẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń ṣí afẹ́fẹ́ tán kí ọkọ̀ tó gbọ́. A dín in kù sí mẹ́ta, ara sì tù ú. Ẹ dán an wò bóyá ó ń jò: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹnu ọ̀fun nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ó ń mí níbòmíràn, àwọn aṣàyẹ̀wò kò sì ní gbà á.

Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò bá tó, mi ò rí ohun tó burú nínú kí wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ́ńjìnnì Bajaj Boxer 150 fún ọdún kan. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12 lọ, kò sì ní gba ipò kankan níbi ìdíje, ṣùgbọ́n gbogbo mẹkáníìkì ọ̀kadà ló mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá sì bà á jẹ́, kò ní pa yín lẹ́kún.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára CBR ni ariwo. Òfin ní kí wọ́n wọn ariwo níbi tí písítọ̀nù bá ti ń rin mítà 15.25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí pé písítọ̀nù rẹ̀ kì í rìn ju mìlímítà 42.5 lọ, ìyẹn já sí nǹkan bí ìyípo 10,750, nígbà tí WR450F yóò ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 7,200. Ariwo náà kò sì gbọdọ̀ ju 110 dBC lọ (dBC ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo). Sàìlẹ́ńsà kẹta la wà lórí rẹ̀ báyìí. Mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, lọ́jọ́ Jímọ̀ a kì í ṣáná sí i títí tí wọn yóò fi kírun tán, lemọ́ọ̀mù sì ti sọ fún wa pé òun mọ ẹ́ńjìnnì náà ní ohùn.